Òólá Inú Dùùrù

Nígbà tí Abẹ́rẹ́-ò-sùn kọ́kọ́ rí ihò lára súwẹ́tà rẹ̀, kò bínú, ẹnu ló yà á. Télọ̀ ni. Ogójì ọdún ló fi ránṣọ kí ojú rẹ̀ tó ní òun ò ṣe mọ́, kò sì sí ihò aṣọ tí kò mọ baba tó bí i. Ihò tí ìṣó bá dá máa ń ya gùn lọ ni, èyí tí iná bá sì dá máa ń ní etí dúdú. Èyí rí róbótó, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Nígbà tó tú ìṣẹ́tí súwẹ́tà náà wò, ó rí ìdin funfun kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó fi òwú wẹ́wẹ́ bora, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

"Òólá," ó sọ fún yàrá.

Yàrá ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó pé oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Olóhùn-iyọ̀ ló máa ń pè é, arẹwà tó ń fi ìka mẹ́wàá sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Dùùrù ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò nínú pálọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Abẹ́rẹ́-ò-sùn pa ìdérí dùùrù náà dé, ó tì í pa, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpótí abẹ́rẹ́. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ Olóhùn-iyọ̀ ni ọwọ́ ìkẹyìn tó kàn án. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run nìkan ló sọ ọ́ fún nínú àdúrà.

Ó dojú ìjà kọ òólá. Àwọn kòkòrò tó ń yí iná ká nírọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko jókòó láìtanná bí ẹni tó ń sá fún onílé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá ròyìn fún un, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àfòpiná nìyẹn, pé ti aṣọ kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ rárá. Ó tún bèèrè bóyá kí òun wá mú un lọ sọ́dọ̀ òun. Bàbá ní ara òun le. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀, ilé sì tún dákẹ́.

Ó kó gbogbo aṣọ jáde sóòrùn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ojú rírán kọ̀ọ̀kan, ó fi omi gbígbóná fọ èyí tó ṣeé fọ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ èyí tí kò ṣeé fọ̀. Ó nu kọ́bọ́ọ̀dù títí dé kọ̀rọ̀, ó di aṣọ sínú ọ̀rá, ó sì da káńfọ̀ sí i títí ara rẹ̀ fi ń rùn bí ìyàrá oògùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Òólá aláwọ̀ koríko gbígbẹ kan sáré gba ara ògiri kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń san owó ilé.

Ó wá ṣe ohun tí ì bá ti kọ́kọ́ ṣe. Ó ra bébà alẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń mú wọn, ó fi ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ti ilé ìdáná ṣófo. Ti ibi tó ń sùn mú ẹyọ kan. Ti pálọ̀ mú mẹ́tàdínlógún.

Kò sí aṣọ onírun kankan tí òólá lè jẹ nínú pálọ̀. Àga onígi ni, kòtínnì sì jẹ́ ọ̀rá. Ó yí ojú káàkiri. Ó wo dùùrù. Ó tún wo ibòmíràn.

Ọjọ́ kẹta ló tó ránṣẹ́ pe obìnrin tó máa ń tún dùùrù ṣe. Nígbà tí obìnrin náà ṣí iwájú dùùrù, eruku bí iyanrìn dà sílẹ̀. Ó tànná sínú rẹ̀, ó ní kí Bàbá wá wò. Àwọn òòlù kéékèèké tó ń lu wáyà tò lọ bẹẹrẹ, aṣọ irun àgùntàn tó nípọn ló bo orí kọ̀ọ̀kan, òólá sì ti jẹ orí mọ́kànlá di pípá.

"Ogójì ọdún tí mo fi ránṣọ," ni Bàbá wí, "n ò mọ̀ pé aṣọ wà nínú dùùrù."

"Àwọn mọ̀," ni obìnrin náà fèsì. "Bàbá, ẹ gba àlejò sílé oúnjẹ, ẹ wá tilẹ̀kùn mọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà yọ wọ́n lẹ́nu."

Ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo ẹ̀gbin rẹ̀ jáde. Ó ní aṣọ tí òun máa fi pààrọ̀ ti àwọn òòlù mọ́kànlá náà máa tó oṣù méjì kó tó dé. Títí dìgbà náà, òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ ni òólá fẹ́, kí Bàbá má jẹ́ kó rí wọn. Kí ìdérí wà ní ṣíṣí, kí ẹnìkan sì máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, látòkè délẹ̀.

"Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti lọ."

Obìnrin náà dá irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Ìka mi ò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ."

"Òólá ò mọ orin, Bàbá. Ariwo lásán ti tó o."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Abẹ́rẹ́-ò-sùn mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpótí abẹ́rẹ́, ó ṣí ìdérí dùùrù, ó sì jókòó sórí àga Olóhùn-iyọ̀, ibi tí kò jókòó sí rí láyé rẹ̀. Ó kéré fún un. Níwájú rẹ̀ ni eyín dùùrù wà, funfun àti dúdú, èyí tí ìka ìyàwó rẹ̀ kàn kẹ́yìn. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa bo ti ìyàwó rẹ̀. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ìdin ló máa jẹ ìyókù. Ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń tọrọ, ó kàn ń pe orúkọ Ọlọ́run ṣáá.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ẹyọ kan, ó dúró. Ẹyọ kan, ó dúró, bí ẹni tó ń rán ìṣẹ́tí aṣọ tí kò fẹ́ kó wọ́. Nígbà tó dé àárín, ó tẹ ọ̀kan, kò dún bí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìró igi lásán ló jáde, ọ̀kan nínú àwọn òòlù tó ti pá ni. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dẹtí sí i títí ìró náà fi tán, ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn.