Omi Inú Ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà

Yàrá ìwé kíkà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Yassa, ní ìlú Douala, kò já bọ́ láti ọ̀run. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè fún un, ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní bí òjò bá pa ìwé, a lè sá a, ṣùgbọ́n ta ni í sá sìmẹ́ńtì? N kò bá a jà. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àṣekágbá lọ sí iwájú ọ́fíìsì rẹ̀, a tẹ́ ẹní, a sì ń kàwé sókè ketekete. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún padà lọ. Nígbà tí òjò Douala bẹ̀rẹ̀, tí a sún mọ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, tí Steve, ọ̀kan nínú wọn, sì ń fi ohùn rẹ̀ tí ó nípọn bí ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ ka ìtàn ìjì òkun sí i létí, ọkùnrin náà jáde, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Màdáámù Adélàjà, ẹ gba ilé yín. Ẹ dá etí mi padà fún mi."

Àwa fúnra wa ni a gbá eruku ibẹ̀. Àwọn òbí kan bá wa kan pákó ìwé mọ́ ògiri. Ìwé ń dé díẹ̀díẹ̀, láti Buea, láti Ìbàdàn, láti inú àpótí àwọn tí wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Títí di òní, bí ẹ bá ṣí ìwé kan níbẹ̀, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ńtì láàárín ojú ewé. N kì í nù ún. Ó ń sọ fún mi pé a jà kí a tó jókòó.

Inú yàrá yìí ni mo ti ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: bí a ṣe ń ka àyọkà ní àkàyé, bí a ṣe ń gbé àròkọ kalẹ̀, àti èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wọ́n jù lọ nínú ìdánwò àṣejáde, bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn di ṣókí. Wọn ó fún ọ ní àyọkà. Ìwọ ó fi gbólóhùn ti ara rẹ kọ kókó inú rẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀.

Inúmidùn kò lè ṣe é.

Ọmọ Yorùbá ni Inúmidùn, Douala ni wọ́n bí i sí, bí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀ náà. Ó ń sọ Faransé ní ìgboro, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, Píjìn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilé wọn ní Japoma, ó ń bá ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Àgbà, sọ Yorùbá tí ó já gaara, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kọ ìlà kan nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń wù ú: kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ ní yunifásítì. Bí máàkì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá sì gbé pẹ́ẹ́lí, kò sí ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn náà fún un.

Nígbà tí a ṣe ìdánwò ìdánrawò, mo fún wọn ní àyọkà kan nípa ọkùnrin tí ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ojú ewé kan ni àyọkà náà. Inúmidùn sọ ọ́ di ṣókí ní ojú ewé kan àti ààbọ̀.

Kíláàsì dàrú. Franck dìde, ó fi ọwọ́ lé àyà bí ẹni tí ń wàásù.

"Màdáámù, ẹ má bínú sí i. Àyọkà gbẹ́ ọkọ̀, Inúmidùn wa ọkọ̀ náà, ó pa ẹja, ó tún se ọbẹ̀."

"Ó tiẹ̀ fi iyọ̀ sí i," Audrey gbè é.

"Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ọbẹ̀ sè," Inúmidùn dá wọn lóhùn, "ẹ fi ọbẹ̀ mi sílẹ̀." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín náà sì ti tán lójú rẹ̀.

Mo bá a sọ Yorùbá. "Wá jókòó. Àpẹẹrẹ ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rọ̀ tí a tún sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé mo ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò kọ́ ọ?"

"Ẹ kọ́ mi, mà."

"Kí ló wá dé?"

Ó ń fi ìka yí etí ìwé rẹ̀. "Mà, èmi ni ẹnu Màmá Àgbà láti kékeré. Bí wọ́n bá lọ sí ọsibítù, èmi ni. Bí wọ́n bá lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, láti gba ìwé, èmi ni. Ọjọ́ kan, dókítà béèrè ibi tí ó ń dùn wọ́n. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n gbé igi ìdáná ṣubú. Mo sọ fún dókítà pé, 'Orúnkún ni.' Màmá rí i pé ẹnu mi tètè pa dé. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Wọ́n wá ní, 'Ìwọ ni ẹnu mi. N kò rán ẹnu mi pé kí ó dín ọ̀rọ̀ mi kù.' Láti ìgbà náà, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀. Bí ẹni tí ń gbọ́ kò bá sì mọ ohun tí igi ìdáná jẹ́, mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ mọ́ ọn."

Ó gbójú sókè. "Mà, ẹni tí ó kọ àyọkà yẹn ni ó mọ ìdí tí ó fi kọ gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n wá sọ nù? Ta ni mo jẹ́?"

Mo ti gba oyè nínú èdè, mo sì ti kọ́ ọmọ púpọ̀. N kò gbọ́ ìbéèrè tí ó níyì tó bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá náà. Mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí n rò ó.

Ọjọ́ Sátidé kan tí ó ṣíwájú ìdánwò ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ bọ́ sí. Akínlọ́lá, àbúrò bàbá Inúmidùn, fẹ́ fẹ́ Larissa, ọmọ àdúgbò Deïdo ní Douala. Ìjọ kan náà ni èmi àti ẹbí Akínlọ́lá ń lọ, nítorí náà wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé àwọn àna. A jókòó sínú àgbàlá bàbá Larissa, abẹ́ igi máńgòrò. Ilé ọtí kan wà lẹ́yìn ògiri, orin mákósà ń dún níbẹ̀. Lókè afárá odò Wouri, ojú sánmà ti ń dúdú.

Màmá Àgbà dìde láti sọ̀rọ̀. Inúmidùn dúró ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Faransé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ìyá yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí Akínlọ́lá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ bí ọkọ̀ ẹrù ṣe bàjẹ́ lọ́nà, orúkọ awakọ̀ àti ìwà rẹ̀. Wọ́n sọ irú aṣọ tí wọ́n dì sínú ẹrù, àwọ̀ tí ó ṣá àti èyí tí kò ṣá. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe dé Deïdo láì gbọ́ Faransé, láì mọ ẹnì kan, bí oòrùn ṣe pa wọ́n, bí obìnrin kan ṣe jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó bu omi fún wọn láì béèrè orúkọ wọn. Wọ́n kọjá lórí ìyẹn bí ẹni ń kọjá lórí kòtò kékeré, wọ́n bọ́ sórí ìyọnu eyín tí wọ́n ní lọ́dún náà. Japoma tún dé, nígbà tí ó ṣì jẹ́ igbó.

Inúmidùn ń kó o, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ń ṣàlàyé ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Àwọn àna rọra ń yí lórí àga. Ẹ̀gbọ́n Larissa kan wo ojú sánmà, ó tún wo aago. Bàbá Larissa, àgbàlagbà tí ó ga, tí ó wọ fìlà funfun, ti di ojú. Akínlọ́lá ń nu òógùn.

"Inú," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, "jọ̀ọ́, bá mi dé ibi tí wọ́n ti bí mi, kí wọ́n tó lé wa."

"Èmi kọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó dá a lóhùn. Ó yíjú sí mi. Ìbéèrè inú yàrá sìmẹ́ńtì náà ni mo rí lójú rẹ̀, kò yí padà rárá. Èwo ni kí n sọ nù?

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ti bá mi. N kò kà á nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ẹnu àwọn tí ó bí mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ síwájú díẹ̀, mo ní, "Inúmidùn, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Má sọ ohunkóhun nù. Wá ohun tí wọ́n rán ọ."

Inúmidùn kò gbé gbólóhùn tí ó kàn lọ sí Faransé. Ó dúró, ó ń gbọ́, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀, títí Màmá Àgbà fi sọ̀rọ̀ débi tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n sì fi ìṣẹ́tí aṣọ wọn nu ẹnu. Bàbá Larissa la ojú.

Inúmidùn wá sọ ọ́ ní Faransé, ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí:

"Bàbá wa, ìyá mi wí pé ọjọ́ tí àwọn dé Deïdo, àwọn kò mọ ẹnì kan, obìnrin kan níhìn-ín sì bu omi fún àwọn láì béèrè orúkọ. Nítorí omi náà ni àwọn fi dúró nílùú yìí. Ọmọ tí àwọn bí lẹ́yìn omi náà nìyí, Akínlọ́lá. Àwọn mú un padà wá sí ẹnu ọ̀nà tí omi ti jáde, àwọn sì ń bẹ yín kí ẹ fún un ní Larissa."

Ó parí síbẹ̀.

Bàbá Larissa dìde. Ó ṣí fìlà. "Ta ni obìnrin náà?"

Inúmidùn béèrè. Màmá Àgbà ní àwọn kò mọ orúkọ rẹ̀ rí.

"Ó lè jẹ́ ìyá mi," ni bàbá náà wí, "ó sì lè má jẹ́ òun. Ní Deïdo, gbogbo wọn ni ìyá mi." Ó ké sínú ilé, "Larissa! Bu omi wá. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e."

Larissa gbé omi jáde nínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Màmá Àgbà. Bí ìyá náà ti gbé e sẹ́nu ni òjò já. Gbogbo wa sáré wọ abẹ́ páànù, àna lé orí àna, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń kígbe pé ọ̀run ti fọwọ́ sí i. Akínlọ́lá gbá Inúmidùn mọ́ra títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò nílẹ̀.

Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ife mú, wọ́n ń wo ọmọ-ọmọ wọn.

"Kí lo sọ fún wọn tí wọ́n fi bu omi fún mi? N kò béèrè omi."

Inúmidùn kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, bí ó ti sọ ọ́ gan-an.

"Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Aṣọ mi ńkọ́? Eyín mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́wọ́ mi, Màmá. N kò dín wọn kù. Mo bá yín tọ́jú wọn ni."

Ìyá náà mu omi tó kù, wọn kò kánjú. "Ohun tí mo wá sọ lo sọ," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Èmi gan-an ni n kò mọ̀ pé òun ni." Ojú wọn wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyókù tí o tọ́jú yẹn, àyà rẹ kọ́ ni kí o tọ́jú rẹ̀ sí. Ọmọ tí ọmọbìnrin yìí bá bí, Faransé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, n kò sì ní pẹ́ títí láyé tí n ó fi kọ́ ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Gbogbo rẹ̀. Ní èdè tí mo fi sọ ọ́."

"Màmá, n kò mọ Yorùbá kọ."

Màmá Àgbà yí ojú sí mi láàárín ariwo òjò. "Tísà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ó wí?"

"Mo gbọ́, mà," ni mo wí.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ọ̀rọ̀ tuntun kan gba kíláàsì wa. Inúmidùn ló mú un wọlé. Bí wọ́n bá ti ka àyọkà tán, ẹnì kan a béèrè pé, "Níbo ni omi wà?" Franck a sì na ọwọ́ sókè, "Màdáámù, mo ti rí omi, ṣùgbọ́n Steve ti mu ún!" Àní ọ̀gá àgbà, tí ó ń kọjá lọ, yọjú wọlé láti béèrè bóyá páìpù bẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, orí bẹ́ńsíkì, ọ̀kadà èrò Douala, ni Inúmidùn wà nígbà tí ó rí i lórí fóònù. Ó ní kí ọlọ́kadà náà yí padà kí ó máa gbé òun bọ̀ ní Yassa. Ó wọ yàrá náà pẹ̀lú eruku lára, ó na fóònù sí mi. Èsì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló ga jù nínú kíláàsì náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà, mo ṣe ohun tí n kì í ṣe níwájú akẹ́kọ̀ọ́: mo pariwo.

"Màdáámù, ẹ sọ ọ́ ní ṣókí," ó wí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"O yege," ni mo wí.

Ó ń lọ sí yunifásítì ní Buea ní oṣù tí ń bọ̀, láti kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀. Kí ó tó lọ, mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pé kí yàrá náà máa ṣí ní àárọ̀ Sátidé, fún òun àti fún àwọn ọmọ wa mìíràn tí wọ́n ń sọ Yorùbá láì lè kọ ọ́. Inúmidùn jẹ Màmá Àgbà ní gbèsè ìyókù ọ̀rọ̀ wọn, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé eyín, láì dín kan kù. Èmi sì jẹ Inúmidùn ní gbèsè Yorùbá kíkọ tí yóò fi san án.