Àtòkèèrè La Ti Ń Wò Ó

Bí ẹ bá fẹ́ bá bàbá mi àgbà, Boniface, lọ sí oko kòkó wọn ní Upenmen, ẹ mú sùúrù dání. Gbogbo ẹ̀ka tó bá yọjú sójú ọ̀nà ni wọ́n ń fi àdá gé. Sùúrù tèmi tán lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo bá gba iwájú. Mo fọwọ́ ti ẹ̀ka kan, mo kọjá, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì fò padà fìà!

"Igi gogoro má gún mi lójú!" Màmá Agatha, ìyàwó wọn, ló pariwo lẹ́yìn mi.

Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọ́fíìsì wa l'Ọ́wọ̀, ẹni tí a kò bá fẹ́ bá da nǹkan pọ̀ là ń pa òwe yẹn sí. Àfi bí mo ṣe wẹ̀yìn, tí mo rí Màmá ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi, tí wọ́n fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, èyí kan ṣoṣo tó ń ríran.

"Ọma mi, ìkìlọ̀ oko ni kó tó di òwe. Àwọn tó ń tò tẹ̀lé ara wọn ní irú ọ̀nà tóóró báyìí ló ni ín. Ẹni iwájú á jọ̀wọ́ ẹ̀ka, ojú ẹni ẹ̀yìn á bá a lọ. Àtòkèèrè la ti ń wò ó."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Bàbá ṣì ń gé igi bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Màmá wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọdún tí mo wọlé ọkọ, mi ò lè jìnnà sí bàbá rẹ àgbà yìí rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo lẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka tó jọ̀wọ́ ló fọ́ ojú òsì yìí. Mo ní mo ṣubú lu kùkùté ni. Má sọ fún un láéláé. Bó bá mọ̀, kò ní lè wo ojú mi mọ́."

Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti fi pa á mọ́! Èmi tí àṣírí kì í sùn mọ́jú nínú mi. Síbẹ̀, mo búra fún wọn.

Nígbà tí a dé odò, Màmá sọ̀kalẹ̀ lọ bu omi. Bàbá dúró tì mí.

"Ṣèyíọlá, mo rí yín tí ẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti sọ fún ọ."

Mo tẹjú mọ́ odò.

"Mo mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo padà sẹ́yìn, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ewé."

"Ẹ wá dákẹ́ láti ìgbà yẹn, Bàbá?"

"Bó bá gbọ́ pé mo mọ̀, gbogbo ìkẹ́ tí mo ń kẹ́ ẹ, á rò pé ìtanràn ni mo ń san. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Omi lé ròrò sí mi lójú. Màmá gbé ike omi gòkè, wọ́n fún Bàbá mu ṣáájú. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.