Òṣùpá inú Awò Bàbá

Ìyá Tóbi, gbọ́ àlá tí mo lá. Èmi àti bàbá mi tó ti kú la dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́yìnkùlé wa àtijọ́, à ń fi awò òkirikà wọn, olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn yẹn, wo ìràwọ̀. Òṣùpá bá já sínú awò. Wọ́n mì ín sí mi létí, ó ń dún bí ẹ̀pà inú èèpo, la bá ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ wá ṣókùnkùn, n kò rí ojú wọn mọ́. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n máa ń fi ọ̀rá pupa wé kí ojú wa má baà gbàgbé òkùnkùn.

Wọ́n ní, "Má tú ọ̀rá yẹn o. Iná funfun á lé gbogbo ìràwọ̀ lọ."

Ojú wọn ni mo kàn fẹ́ rí. Mo tú u. Mo bá jí, àfi oòrùn lójú fèrèsé.