Àwo Ìyá Ìfura
Ìyá Ìfura ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń yẹ eruku aṣálẹ̀ wò níbi iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin kan tó ń bá wọn kó eruku náà wá kó ìgò eruku méjì bọ̀ láti ìrìn àjò: ó ní ẹfun kún inú eruku aṣálẹ̀ kìíní, kò sì sí rárá nínú ti èkejì. Obìnrin náà wò ó tìfura-tìfura. Ó da eruku méjèèjì sínú àwo rẹ̀ méjì tó ń dán gbinrin, ọ̀kan sínú ọ̀kan, ó kán ásíìdì sí wọn. Ẹfun ni ásíìdì máa ń mú hó. Àwo méjèèjì hó yaya.

"Àṣírí rẹ tú! Ojú kan náà lo ti bù wọ́n!"

"Rárá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń fọ àwo yín tó fi ń dán báyìí?"

Obìnrin náà lanu láti bú u, ó sì rọra pa á dé. Ẹfun ni.