Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Dúró De Omi

Orí irin bẹ́ẹ̀dì kan ni ojú wọn ti ṣe mẹ́rin. Moríkẹ́ di ibi orí mú, ọkùnrin kan di ibi ẹsẹ̀ mú, èrò èbúté Ìgbókòdá sì ń tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì bí ìgbì ṣe ń ti ọkọ̀ tí wọn ò so mọ́ òpó. Ẹyinjú ọkùnrin náà ń dán bí òkun tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí. Moríkẹ́ kò tú ọwọ́ sílẹ̀ ṣá.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́kọ́ mú un."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Ẹja tí ẹ kọ́kọ́ rí nínú omi, ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn?"

Veronica tó ń ta ọjà náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn bẹ́ẹ̀dì oníná kún ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni Moríkẹ́ fẹ́ fi bẹ́ẹ̀dì oníná ṣe ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, abúlé wọn orí omi tí kò síná? Eléyìí nìkan ló ní irin tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti gbé orí aláìsàn sókè.

Tíṣà ni ọkùnrin náà ní Òde Ugbò, Kọ́lájọ lórúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ tí orúnkún ń dùn ló fẹ́ rà á fún. "Ta lẹ̀yin fẹ́ rà á fún, Àǹtí?"

"Ìye mi, ìyá tó bí mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin tó ń dá tukọ̀ dé ẹnu òkun, oṣù mẹ́jọ rèé tó ti ń dùbúlẹ̀ wo páànù òrùlé."

Kọ́lájọ rọra mú ọwọ́ kúrò. "Màmá àgbà tèmi ṣì ń jókòó bú mi. Wọ́n á dúró de òmíràn."

Moríkẹ́ yọ okùn àwọ̀n nínú àpò. Òun ló fi wọn ẹnu ọ̀nà ilé bí àwọn tó ń hun àwọ̀n ṣe ń ṣe, ó sì ta kókó síbi tó parí. Ó nà án sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì fi ìka méjì kọjá kókó. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà wo lẹ wọ̀n?" ni Kọ́lájọ bi í.

"Tiwájú, níbi tí afárá pákó gbà wọlé."

"Ibo lẹ ń gbà kó ẹja wọlé?"

Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n orí omi ló kọjú sí, ó sì ga ju ọkọ̀ lọ. "Àfi tómi bá kún, ní nǹkan bí aago mẹ́rin."

"Ẹ ó nílò ẹni tó máa di ibi ẹsẹ̀ mú nígbà yẹn."

Báyìí ni ọkọ̀ Godwin atukọ̀ ṣe gbé àwọn méjèèjì àti bẹ́ẹ̀dì dé ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n jókòó de omi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kọ́lájọ ya ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó jí Moríkẹ́ wò, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó fi í sápò.

"Ṣé máàkì lẹ ń kọ sílẹ̀ ni?" ni Moríkẹ́ bi í.

"Máàkì kọ́."

Omi ń gun òpó ilé díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé ọkọ̀ sókè, títí etí ọkọ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ilé. "Ó yá," ni Godwin wí. Bẹ́ẹ̀dì sì yọ́ wọlé bí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tì sómi.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìye sórí rẹ̀ tán, Kọ́lájọ padà sínú ọkọ̀. Moríkẹ́ ń yí irin. Ojú Ìye kúrò lára páànù, ó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó dórí omi. Ó nawọ́ òsì sí àwọ̀n kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ta ló ká àwọ̀n mi jọ bí àkísà báyẹn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Moríkẹ́. Ó ti pẹ́ tí Ìye ti bá a wí gbẹ̀yìn.

"Ọmọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti yọ ìwé, tó tún dá a padà sápò. Lọ gbà á, kí omi tó fà."

Ọwọ́ Moríkẹ́ dúró lórí irin. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń ṣọ́ Ìye. Lónìí, Ìye ló ń ṣọ́ ọ.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Omi ṣì kún, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kọ́lájọ na ìwé náà sí i, ọwọ́ sí ọwọ́, Moríkẹ́ sì gbà á.