Ohun Tó Ń Kan Nínú Búùtù

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni agbẹ̀bí náà ti fẹ́ràn mọ́tò kékeré tó lè sáré. Kì í ṣe èyí tó gùn gbọọrọ, kì í ṣe èyí tó ga bí àjà ilé. Èyí tó kúrú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ẹni tó ń yán, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lágbára ju ara rẹ̀ lọ. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ tó lè gba pákó ni òun ń fẹ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà.

"Níbo ni màá ki pákó sí nínú ìkarahun ìgbín yẹn?" ọkọ á ní.

"Pákó kì í rọbí," ìyàwó á dá a lóhùn. "Àwọn tó ń pè mí ni kò lè dúró."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì tún já a kulẹ̀. Ẹkún ọmọ tuntun ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Látọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó wá ọkọ̀ pupa kan rí lọ́wọ́ bàbá onífọ́tò kan, ọkọ̀ tó ti dàgbà, tówó rẹ̀ ò sì wọ́n jù, ó bá mú ọkọ rẹ̀ dání lọ wò ó.

Ó kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù; bàbá ò tíì tan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́, kò rú èéfín.

"Bàbá, ẹ má bínú o," káfíńtà ní. "Ọkọ̀ tó dáa tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tà á?"

Bàbá fọwọ́ ra orúnkún. "Ọmọ mi, wíwọlé ò le. Jíjáde niṣẹ́ wà. Lọ́jọ́sí, àwọn tó ń kọjá ló fà mí jáde bí eyín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọwọ́, ọkọ̀ di ti agbẹ̀bí.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí, kò-kò-kò, láti ẹ̀yìn. Agbẹ̀bí dín eré kù. Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣebí mo wí fún ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dùn ún ju kí ọkọ̀ bàjẹ́ lọ. Àmọ́ ọkùnrin náà ò sọ ọ́. Ó kàn tẹ́tí bí ẹni tó ń wá ibi tí kòkòrò wà nínú igi.

"Páàkì síbí," ó ní, níwájú gbàgede ńlá kan tó ṣófo.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí búùtù. Ọkùnrin tó ga bí òpó iná ká ẹsẹ̀, ó ká apá, ó kó sínú rẹ̀ bí ọmọ inú oyún.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń ṣe?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Tì í, kó o máa wà á yípo!"

Ó ń wà á yípo. "Apá ọ̀tún!" ohùn kan ń ké lẹ́yìn. "Rárá, òsì ni! Tún yí i! Yéè, orí mi o!" Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ létí gbàgede dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wò wọ́n. Agbẹ̀bí ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún.

"Dúró! Ọwọ́ ti tẹ olè!"

Ó sáré lọ ṣí i. Ọkọ rẹ̀ rèé, eruku bo irun rẹ̀, ó di sípánà táyà mú. Okùn tó so ó mọ́ abẹ́ táyà àfipamọ́ inú búùtù ló já, ló ṣe ń gbá irin kiri. Kò sí nǹkan míì. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n ki sípánà náà mọ́lẹ̀ pinpin, agbẹ̀bí tún wà á yípo. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro lẹ́nu.

Ó gbórí lé sítíárìn, ó mí kanlẹ̀ bí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ò sọ ọ́."

"Ká ní mo sọ ọ́, ṣé ìyẹn ló máa dá ariwo dúró?" Ọkọ gbọn eruku irun nù, ó wúkọ́ díẹ̀. "Àmọ́ ṣé mo lè wà á? Díẹ̀ péré."

Agbẹ̀bí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkùnrin náà tẹná, ọkọ̀ fò síwájú, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé ó yẹ kóun ṣe bí àgbà.

"Bàbá wọn, a ti kọjá ilé o."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì yí jíà.