Gẹ̀ẹ́sì Ìyá Olówe

Òwe ni Ìyá Olówe fi ń sá fún ìbéèrè. Bí o bá bi í pé ta ló gbé ìkòkò sórí iná tí ọbẹ̀ fi jóná, yóò pa òwe kan fún ọ, kí o sì tó tú òwe náà tán, ó ti wọ yàrá, ó ti ti ilẹ̀kùn. Aránṣọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń bá a gbé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò sì tíì rí ìdáhùn gidi kan gbà lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú o. Ọlọ́yàyà ni. Ẹnu rẹ̀ ló ń yọ̀ bí ọṣẹ tó ti rẹ sómi.

Ọkọ Aránṣọ wà lókè òkun, níbi tó ti ń kó ẹrù nílé iṣẹ́ ńlá kan. Òun ló ní kí ìyá òun àti ìyàwó òun lọ máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn tó ń fúnni ní físà yóò fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bí ìyá ọkọ àti ìyàwó ṣe di ọmọ kíláàsì kan náà nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́rú, wọ́n á gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tó wà lórí ilé ìtajà oògùn kan, wọ́n á jókòó sórí àga oníke, wọ́n á sì ṣí ìwé kíkà tí àwòrán ajá ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ti ju èje lọ. Ọkọ kì í fojú hàn lórí fóònù mọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, orí fóònù ìyá rẹ̀ ló sì ń pè sí. Ó ní kámẹ́rà òun ti fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Olówe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tòun ti kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ gbà mí o! Ta ló ń gbé oúnjẹ gbígbóná lọ fún dókítà ojú? Nígbà tí Aránṣọ fọgbọ́n béèrè, ìyá ní, "Ìyàwó mi, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ó sì wọ yàrá lọ. Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kí ló fẹ́ ṣe? Ìyàwó kì í wádìí ìyá ọkọ bí ọlọ́pàá.

Bí kì í bá ṣe ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, bóyá ìbá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti bá aránṣọ mìíràn ṣàdéhùn pé kó wá kó ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì, tábìlì ìgé-aṣọ, kó sì gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àti gbogbo oníbàárà, nítorí ìrìn àjò ti dé tán. Òwúrọ̀ ọ̀la ni obìnrin náà ń bọ̀. Bí ìrìn àjò bá wà, kò sí wàhálà. Bí kò bá sí, Aránṣọ yóò ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ tó fi ń jẹun fún ẹlòmíràn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú yìí ló sọ fún ìyá. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Olówe, ó fọ́ yángá. Kò pa òwe kankan. Àìpòwe yẹn gan-an ló já Aránṣọ láyà.

Tíṣà wọn kò gba èdè mìíràn láyè nínú kíláàsì. Ẹni tó bá fi èdè ilé sọ̀rọ̀, òun ni yóò nu pátákó, òun ni yóò gbálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti kọjá ni wọ́n ń kọ́. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ ìṣe díẹ̀ sójú pátákó: lọ, rí, se oúnjẹ, jẹun, jókòó, sunkún. Méjì méjì ni wọn yóò máa dìde. Ẹnì kan á béèrè ìbéèrè márùn-ún, ìkejì á dáhùn ní odidi gbólóhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán kò tó. Awakọ̀ tírélà kan tó fẹ́ràn àwàdà ló kọ́kọ́ dìde, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òun jẹ tírélà òun lánàá. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà nàka. "Aránṣọ, béèrè. Ìyá, dáhùn."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ gbogbo èyí tó kàn, èmi ni mo ń tú u. Ẹ sì jẹ́ n rán yín létí pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Aránṣọ pa ìwé rẹ̀ dé.

"Níbo lo lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá?"

Ìyá Olówe wò ó. Ó wo Tíṣà. "Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Ó dára!" ni Tíṣà wí.

"Kí ni dókítà ṣe?"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ń fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ èdè ilé ni, ìyá ìbá ti ro oògùn sójú ara rẹ̀, ìbá ti ra jígí, ìbá ti fi òwe mẹ́ta dé e lórí. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju èyí tó wà lójú pátákó lọ. Ó ń wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Dókítà... jẹun."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ní ó dájú pé ebi ló ń pa dókítà náà. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló se oúnjẹ?"

"Mo se oúnjẹ."

"Ta lo rí?"

Ìyá Olówe tún ń fojú wá ọ̀rọ̀ lójú pátákó. Tíṣà rò pé ọ̀rọ̀ ló wọ́n ọn, ó sì fi máákà kan ọ̀rọ̀ kan lójú pátákó láti ràn án lọ́wọ́. Ìyá ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ohun tó kù sì tẹ̀ lé e jáde.

"Mo rí... mo rí ọmọ mi."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Aránṣọ di àga mú. Ọmọ wo? Ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin yìí bí. Ó ku ìbéèrè kan.

"Kí ni ọmọ rẹ ṣe?"

"Ó jókòó," ni ìyá wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú pátákó. "Ó jẹun. Ó sunkún."

"Ó péye!" Tíṣà ń yọ̀ gan-an. "Gbólóhùn mẹ́ta, kò sí àṣìṣe kankan. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ìyá!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Àwọn méjèèjì dúró láàárín ariwo náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì wo ojú ẹnì kejì.

Nígbà tí kíláàsì tú, Aránṣọ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó pe obìnrin tó fẹ́ kó ẹ̀rọ. Ó ní kó máà wá mọ́, kó jọ̀wọ́, kó máà bínú. Ó pa fóònù. Inú ń bí i débi pé ó fẹ́ kígbe. Ìyá yìí mọ̀! Ó mọ̀ pé kò síbi tí àwọn ń lọ, síbẹ̀ ó ń bá òun gun àtẹ̀gùn yìí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó ń kàwé sókè ju gbogbo kíláàsì lọ.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá Olówe tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ìyàwó mi, àwọn àgbà ní—"

"Rárá, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pòwe fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi sọ ọ́."

Arúgbó náà di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé.

"Ó padà wá," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Iṣẹ́ kò sí. Ó wà ní ilé àbúrò mi." Ó tún wá ọ̀rọ̀ kan, ó rí i nínú ẹ̀kọ́ kan nínú ìwé wọn, ti ọmọ tó sá fún ajá. "Ó ń bẹ̀rù."

"Ẹ̀rù ta ló ń bà á, Màámi?"

"Ìwọ."

Aránṣọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ kíláàsì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, awakọ̀ ń kí Ìyá kú oríire. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó nu ojú, ó dìde, ó gba ìwé lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbà á.

"Màámi," ló wí ní èdè ilé, "lọ́la, èmi ni màá gbé kúlà náà lọ."